Kí Ọ̀bẹ Tó Kan Ọmú

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gé e ná. Tó bá yá, ẹ ó wá máa sọ ti àtúnṣe." Ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sábà máa ń sọ fún obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà, ti ń jà rànìn-rànìn lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ kí ẹ̀mí obìnrin náà gùn ni: kí jẹjẹrẹ kúrò lára ná, kí àwọn ọmọ rí ìyá wọn. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí "tó bá yá" yẹn fi pamọ́. Nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi implant, ìyẹn àpò tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ awọ dípò ọmú, tún ọmú ṣe, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ gígé yẹn gan-an ni wọ́n ti ń bọ́ mọ́ obìnrin lọ́wọ́, tí kò sì ní rí wọn mú mọ́ bó ti wù kí owó pọ̀ tó.

Nígbà tí obìnrin ará Ọ̀fà tàbí Omù-Àrán yóò bá fi gbọ́ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ọgbẹ́ ti jinná, ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy) ti kan àyà, awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun ìhà. Ìbéèrè tó yẹ kó ti bi dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ èsì àyẹ̀wò fún un ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń béèrè.

Mi ò sọ pé gbogbo obìnrin ló yẹ kó tún ọmú ṣe. Ọ̀pọ̀ ni kò fẹ́, tí ọkàn wọn sì balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹlòmíì á fi ọmú àtọwọ́dá onífóòmù sínú kọ́mú, á wọ bùbá rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a béèrè kí ọ̀bẹ tó kan ara, kódà bó bá jẹ́ pé "rárá" ni ìdáhùn. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìdí kan tún wà tí mo fi ka ìbéèrè yìí sí pàtàkì. Àwọn kan ń fi "orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́" dá obìnrin dúró nílé, kó má baà lọ gé ọmú. Òwe gidi ni, wọ́n kàn pa á síbi tí kò yẹ ni. Orí tí a bẹ́, olórí ti kú. Obìnrin tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ lè wà láàyè títí yóò fi gbé ọmọ ọmọ jó. Bó bá mọ̀ ṣáájú pé ọ̀nà wà tí àyà kò fi ní pẹlẹbẹ títí ayé, ẹ̀rù tó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbo fún oṣù mẹ́fà lè dín kù.

Ìṣẹ́jú tí ọmú ti kúrò lórí àyà

Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, ní ìṣẹ́jú tí dókítà ti yọ ọmú, tí wọ́n ti gbé e sínú ike tí wọ́n máa fi gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tó kù lórí àyà ni awọ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó ṣófo, tó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn mọ́ àfi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọwọ́ awọ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ kù sí. Implant tó dára jù láyé kò lè gbé abẹ́ awọ tó ti kú.

Apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ awọ àyà, inú ọmú ló ń gbà kọjá. Bí ọmú bá ti kúrò, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú ọ̀rá abẹ́ awọ ló kù tí awọ yóò máa fi mí. Dókítà wá wà láàárín méjì. Bó bá fi ọ̀rá sílẹ̀ jù, ó lè fi ẹran ọmú sílẹ̀ mọ́ ọn, kí àrùn sì fara pamọ́ síbẹ̀. Bó bá há a jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé etí awọ. Etí náà á dúdú, á gbẹ, á sì ya láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí awọ bá ya lórí implant, kòkòrò àìsàn á wọlé, implant á jáde.

Nítorí náà, dókítà tó mọṣẹ́ kì í kánjú níbí. Á fi ìka tẹ awọ, á gbé ìka kúrò, á wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe padà. Àmọ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ìyẹn nìkan kò tó, nítorí àwọ̀ wa máa ń bo pípọ́n àti ṣíṣì mọ́lẹ̀. Etí ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá ni kó wò. Á rẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, á wo ohun tó jáde. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ló ń sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ara yá. Bó bá dúdú, tó ń lọ́ra jáde, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ há sínú awọ, kò rọ́nà padà. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ rárá, awọ ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Kó gé e kúrò. Níbi tí wọ́n ti ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n máa ń fa oògùn aláwọ̀ ewé kan tó ń jẹ́ indocyanine green sí aláìsàn lára, kámẹ́rà pàtàkì kan á sì fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé àti ibi tí kò dé hàn. Níbi tí kò sí, ojú àti ọwọ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbára lé.

Ohun tó bá rí ló máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò gbà. Awọ tó nípọn, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ dáadáa, lè gba implant lọ́jọ́ náà gan-an. Awọ tó wà láàyè ṣùgbọ́n tí kò tíì lè ru ẹrù, expander ni kí wọ́n fi sí i, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Awọ tó bá kọ wọ́n lóminú, kí wọ́n rán an pa pẹlẹbẹ, kí obìnrin lọ sílé, kí wọ́n tó tún padà sí i. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe ìjákulẹ̀. Dókítà tó sọ láàárọ̀ pé òun máa fi implant sí i, tó wá sọ fún obìnrin nígbà tó jí pé "ìyá, mi ò fi sí i, awọ ò gbà á", dókítà rere ni. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà bí kò bá sí ẹni tó ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe tẹ́lẹ̀. Dókítà kò ní rídìí tó fi yẹ kó tọ́jú awọ. Nínú gígé tó wọ́pọ̀, orí ọmú, ibi dúdú tó yí i ká àti awọ gbọọrọ kan ni wọ́n máa ń gé lọ pọ̀, kí ojú ọgbẹ́ lè tẹ́ dáadáa, kó má wú síbì kan kó jìn síbì kan. Fún ẹni tí kò fẹ́ àtúnṣe, bó ṣe dára jù nìyẹn. Fún ẹni tó fẹ́, tí kò mọ̀ pé òun lè sọ ọ́, awọ tí ì bá bo implant ló bá ike lọ yẹn. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, tí àrùn kò sì tíì wọ awọ, ọ̀bẹ lè gba etí ibi dúdú yẹn nìkan, kí awọ yòókù wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn pàápàá, bí kókó jẹjẹrẹ náà bá jìnnà sí orí ọmú, wọ́n lè dá orí ọmú sí, kí wọ́n gba abẹ́ ọmú wọlé. Wọ́n á gé díẹ̀ lẹ́yìn orí ọmú lọ yẹ̀ wò. Bí àrùn bá wà níbẹ̀, orí ọmú gbọ́dọ̀ lọ.

Ìlà tó wà lábẹ́ ọmú, ibi tí ọmú ti pàdé àyà, ìyẹn náà ṣe kókó. Òun ló ń gbé implant dúró. Bí wọ́n bá gé e kọjá, implant á máa yọ̀ lọ sísàlẹ̀ síhà ikùn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní láti fi bírò sàmì sí àyà kí obìnrin tó sùn, nígbà tó ṣì jókòó tàbí tó dúró ṣánṣán. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ọmú á ṣàn síhà abíyá, gbogbo ìwọ̀n á yí padà. Ní àkókò bírò yẹn ni wọ́n tún ń fi rúlà wọn fífẹ̀ ìdí ọmú ní sẹ̀ǹtímítà, torí òun ni wọ́n fi ń mú implant. Nọ́ńbà kọ́mú tí obìnrin ń wọ̀ kò wúlò fún èyí.

Àpò tí ń na awọ

Expander jẹ́ àpò sílíkónì òfìfo tó ní ojú kékeré kan níwájú tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé. Wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ awọ tàbí sábẹ́ iṣan àyà, wọ́n á fi omi iyọ̀ díẹ̀ sí i bí awọ bá gbà, wọ́n á rán ojú ọgbẹ́ pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, bí ọgbẹ́ bá ti ń jinná, obìnrin á padà wá. Wọ́n á fi òòfà kékeré kan wá ojú àpò náà láti òkè awọ, nítorí irin wà nídìí rẹ̀, wọ́n á sàmì síbi tí òòfà bá ti dúró. Wọ́n á fi oògùn nu awọ dáadáa, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọlé ṣánṣán, wọ́n á sì fi omi iyọ̀ tó tó 50 sí 100 ml kún un. Bí awọ bá le gbagidi, tàbí tí àyà bá há obìnrin mọ́, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kódà kí wọ́n fa díẹ̀ padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí awọ ikùn ṣe ń nà fún oyún ni awọ àyà ṣe ń nà fún un, díẹ̀díẹ̀, láìfi ipá. Bó bá kún tán, wọ́n á jẹ́ kó sinmi fún oṣù kan ó kéré tán, nígbà mìíràn oṣù mẹ́ta, kí wọ́n tó tún ṣí i, kí wọ́n yọ expander, kí wọ́n fi implant gidi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bó bá jẹ́ 400 ml ni wọ́n fẹ́ dé, tí 100 ml ti wọlé lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì ń fi 60 ml sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìrìn-àjò márùn-ún nìyẹn kó tó di iṣẹ́ abẹ kejì. Ẹni tó ń gbé ní Táíwò tàbí Adéwọlé nínú Ìlọrin, kéékèèké ni. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìlofà tàbí Òkè-Ọdẹ, odindi ọjọ́ kan ló ń lọ sí i nígbà kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀ àti ọjà tí kò tà. Kí dókítà sọ ìyẹn fún un ṣáájú. Kí òun náà sì sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún dókítà, torí ó lè yí ìlànà padà: bí awọ bá dára, implant ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè yá a ju expander lọ.

Nítorí irin yẹn, ẹni tí expander wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kí ó tó sún mọ́ ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara. Ọ̀pọ̀ expander ni kò bá ẹ̀rọ náà mu.

Implant gidi, oríṣi méjì ni. Sílíkónì ni awọ ìta àwọn méjèèjì. Inú ni wọ́n ti yàtọ̀. Bí èyí tó ní omi iyọ̀ nínú bá jò, ara á fa omi náà mu, ọmú á sì lọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, gbogbo ènìyàn á mọ̀. Èyí tó ní jẹ́ẹ̀lì sílíkónì rọ̀ bí ara ju ti omi lọ, òun ni ọ̀pọ̀ ń yàn, ṣùgbọ́n ó lè jò fún ọdún púpọ̀ láìhàn sójú. Ìmọ̀ràn FDA, àjọ tó ń ṣe àbójútó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ẹni tó ní oníjẹ́ẹ̀lì lọ fi ẹ̀rọ MRI tàbí ultrasound yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 5 sí 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kó sì máa tún un ṣe ní ọdún 2 sí 3 síra. Èyí túmọ̀ sí pé implant kì í ṣe ohun tí a fi sára tí a ó gbàgbé. Obìnrin ẹni ọdún 38 tó fi í sí lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun tún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òun tó darúgbó.

Ìtànṣán ló ń da ọ̀pọ̀ ètò rú

Bí wọ́n bá bi mí pé ìbéèrè wo ló ṣe pàtàkì jù kí obìnrin béèrè, màá ní: "Dókítà, ṣé ó dà bí ẹni pé màá gba ìtànṣán lẹ́yìn gígé?" Bí kókó náà bá ju 5 cm lọ, tàbí tí àrùn ti wọ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn kókó kéékèèké abíyá tí wọ́n ń pè ní lymph node, ìtànṣán fẹ́rẹ̀ẹ́ di dandan. Ọ̀sẹ̀ 3 sí 5 ló sábà máa ń gbà, ní ojoojúmọ́ láti Mọ́ńdè sí Fúráídè. Ọ̀pọ̀ aláìsàn láti Kwara ló ti gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn nítorí rẹ̀.

Ohun tí ìtànṣán ń ṣe sí implant nìyí. Ara kì í gba ohun àjèjì láìṣe nǹkan kan. Ó máa ń hun awọ fẹ́lẹ́ kan yí i ká. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, awọ yẹn á rọ̀, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìtànṣán a máa mú kó nípọn, kó sì máa sún kì. Ọmú á le, á gbé sókè ju èkejì lọ, nígbà tó bá burú jù á máa dunni. Ìpele mẹ́rin ni àwọn dókítà pín in sí, tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n Baker: ní ìkíní, ó rọ̀ bí ọmú, ní ìkẹrin, ó le, ojú rí i pé ó ti yí, ó sì ń ro obìnrin. Ìkẹta àti ìkẹrin sábà máa ń béèrè iṣẹ́ abẹ mìíràn. Ìtànṣán tún ń dín ẹ̀jẹ̀ inú awọ kù, nítorí náà ọgbẹ́ kò ní tètè jinná, kòkòrò á sì ráyè.

Bí ìtànṣán bá dájú, ọ̀pọ̀ dókítà á ní kí wọ́n fi ti implant sílẹ̀ ná. Wọ́n lè dúró di oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́yìn ìtànṣán, kí wọ́n wá fa iṣan ẹ̀yìn tòun ti awọ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ gba abẹ́ abíyá wá sí àyà, kí wọ́n fi bo implant. Tàbí kí wọ́n fi ọ̀rá àti awọ ikùn ìsàlẹ̀ ṣe ọmú, kí implant má sí nínú rẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó ń gba wákàtí púpọ̀, àmọ́ ara ẹni ni, kì í jò. Àwọn mìíràn máa ń fi expander sí i kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mú àyè dúró. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí obìnrin mọ̀ pé ewu kí ó bàjẹ́ pọ̀ ju ti ẹni tí kò gba ìtànṣán.

Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé lágbègbè wa, ọ̀pọ̀ ń dé ilé ìwòsàn nígbà tí kókó ti tóbi, tí awọ ti wú bí èèpo ọsàn tàbí tó ti di egbò. Fún wọn, kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló máa ń ṣáájú, gígé á tẹ̀ lé e, ìtànṣán á kángun sí i. Implant kò sí lójú ọ̀nà nígbà yẹn. Ẹ tètè lọ. Kókó tí kò dunni ni kí ẹ bẹ̀rù jù, torí kò ní lé yín jáde nílé.

Bí ó ṣe ń bàjẹ́

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, rọ́bà kan tàbí méjì á yọ láti ìhà, tó ní ike rọbọtọ tí wọ́n ń fún kí ó lè máa fa omi. Ẹ máa da omi inú rẹ̀ sínú ife tó ní ìlà ml, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fún ike náà kó pẹlẹbẹ kí ẹ tó dé e padà. Ẹ fi pín-ìnnì so ó mọ́ bùbá, kó má máa wọ́ awọ. Wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ tí omi rẹ̀ kò bá tó 30 ml ní wákàtí 24. Bí wọ́n bá yọ ọ́ láìpé, omi á ko sábẹ́ awọ, á sì tún ti implant kúrò láyè rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ihò rẹ̀ lè di ọ̀nà fún kòkòrò.

Kòkòrò ni ọ̀tá tó burú jù. Ìwé òyìnbó á máa sọ pé kí ẹ ṣọ́ pípọ́n awọ. Lára wa, pípọ́n lè má hàn. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e, ẹ fi wé ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá gbóná jù ú lọ, bó bá ń wú, bí ìrora tó ti ń rọlẹ̀ bá tún gbérí, bí ibà bá dé 38°C, bí omi inú rọ́bà bá di ìdọ̀tí tàbí ọyún, ọjọ́ náà ni kí ẹ padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ má ra oògùn kápúsù ní ẹ̀gbẹ́ títì láti fi dá a dúró. Kòkòrò máa ń so mọ́ ara implant, á sì kọ́ ohun tó dà bí ilé fún ara rẹ̀ níbẹ̀. Oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, yíyọ ni, kí àyà sinmi fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí wọ́n tó tún gbìyànjú. Èyí tó tún burú ni pé ó lè dá kẹ́mò dúró, kẹ́mò tó yẹ kó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ kò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. Implant kò gbọdọ̀ gba ipò ìtọ́jú àrùn fúnra rẹ̀ láé.

Àwọn ohun kan ń pe wàhálà yìí wá, tó yẹ kí obìnrin sọ fún dókítà láìfi bò: àtọ̀gbẹ tí kò rọlẹ̀, ara tó tóbi jù, àti tábà. Nígbà tí wọ́n bá bi àwọn ìyá wa bóyá wọ́n ń mu sìgá, wọ́n á ní rárá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tábà lílọ̀ tí ẹlòmíì ń fín tàbí tó ń fi sí abẹ́ ètè, oògùn inú rẹ̀ kan náà ló ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Kó jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 ó kéré tán ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kó má sì padà sí i kí ọgbẹ́ tó jinná.

Ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú, kó sọ ìyẹn náà. Àyà wà lára ibi tí àpá ti máa ń wú jù. Wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fi pélébé sílíkónì tẹ̀ ẹ́ lórí, tàbí kí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ sínú àpá náà.

Iyán, ìforíkanlẹ̀, omi gbígbóná

Àwọn nǹkan yìí kì í sí nínú ìwé tí wọ́n ń pín ní ilẹ̀ òkèèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ìgbésí ayé wa níbí. Fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, kò sí gbígbé ohun tó wúwo. Kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà wúwo tó 25 kg. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí iyán gígún, kò sí àmàlà rírò. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ilé tí ìyá ilé kò gúnyán fún oṣù kan ààbọ̀, àwọn ará ilé ọkọ á sọ̀rọ̀. Kí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú.

Bí implant bá wà lábẹ́ iṣan àyà, kódà lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti jinná, ìgbàkígbà tí obìnrin bá fún iṣan yẹn, ọmú á fò sókè tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yóò rí i nígbà tó bá di ọmọ odó mú, àti nígbà tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀ láti gbérí níbi ìforíkanlẹ̀. Kì í ṣe pé nǹkan já. Bó bá ń dà á láàmú, wọ́n lè gbé implant náà wá sórí iṣan. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ apá ni òun ń ṣe, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó yan ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí: orí iṣan kò ní ìfò yẹn, ṣùgbọ́n ó nílò awọ tó nípọn, etí implant sì lè hàn lára ẹni tó tín-ín-rín.

Omi gbígbóná ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Ọmú tí wọ́n tún ṣe kì í sábà mọ nǹkan lára mọ́, torí wọ́n ti gé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára. Bí àyà bá ń ro obìnrin, ohun tí a mọ̀ nílé ni aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná tí a fi ń jó o. Kò ní mọ̀ pé ó ti ń bó. Ọgbẹ́ iná lórí awọ fẹ́lẹ́ tó bo implant lè mú kí wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá àgbà tó wá tọ́jú rẹ̀. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń bá a pọn omi ìwẹ̀.

Ohun tó yẹ kí Mùsùlùmí béèrè

Láti gbé implant dúró, pàápàá lórí iṣan, wọ́n sábà máa ń lo awọ kan tí wọ́n ti fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kúrò, tí ìhun rẹ̀ nìkan ṣẹ́ kù. Àwọn kan jẹ́ awọ ènìyàn tó ti kú tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan jẹ́ awọ màlúù, àwọn kan jẹ́ awọ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọ̀n tí wọ́n fi ọgbọ́n ẹ̀rọ ṣe náà wà. Ní Ìlọrin, ó yẹ kí obìnrin mọ èwo ni kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Kó béèrè tààrà. Kì í ṣe ìbéèrè ìtìjú, dókítà á sì lè yan òmíràn bí ó bá mọ̀ lásìkò.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé àtúnṣe ọmú ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Àwọn àáfà wa mọ hadisi Arfajah ọmọ As'ad dáadáa: wọ́n gé imú rẹ̀ lójú ogun Kulab, ó fi fàdákà ṣe imú, imú náà ń rùn, Ànábì sì ní kó fi wúrà ṣe é. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti fi ìtàn yìí ya àtúnṣe ohun tí àrùn tàbí ìpalára bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹwà àṣejù. Kí obìnrin gbé e lọ bá àáfà rẹ̀, kó sì ṣàlàyé pé jẹjẹrẹ ló gba ọmú náà. Ní ti ìrun, kó kí i ní ìjókòó títí apá fi máa le. Tayamọ́mù wà fún àsìkò tí omi kò gbọdọ̀ kan ojú ọgbẹ́.

Káàdì

Ọdún 1962 ni Thomas Cronin àti Frank Gerow kọ́kọ́ fi implant sílíkónì sí obìnrin lára ní Houston. Láti ìgbà yẹn, ohun púpọ̀ ti yí padà. Ní 1992, Amẹ́ríkà fi òfin dín lílo oníjẹ́ẹ̀lì kù gidigidi, wọ́n tún gbà á láàyè padà ní 2006. Ní 2010, ìjọba Faransé dá ti ilé iṣẹ́ PIP dúró nígbà tí wọ́n rí i pé sílíkónì tí kì í ṣe ti ìṣègùn ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀. Ní 2019, ilé iṣẹ́ Allergan kó àwọn implant Biocell rẹ̀ tí ara wọn rí háíháí kúrò lọ́jà káàkiri ayé, torí oríṣi jẹjẹrẹ kan tó ń mú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara, tó máa ń yọ jáde nínú awọ tó yí implant ká. Ó ṣọ̀wọ́n. Ọdún bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń fara hàn, ohun tí obìnrin sì máa ń kọ́kọ́ rí ni pé ọmú kan ṣàdédé wú. Bí wọ́n bá tètè rí i, yíyọ implant àti awọ tó yí i ká sábà máa ń wò ó sàn.

Gbogbo àwọn tó nílò láti mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn, káàdì ni wọ́n fi mọ̀. Implant kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ń bá a wá: orúkọ ilé iṣẹ́, irú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní ml, nọ́ńbà rẹ̀, bóyá ara rẹ̀ dán tàbí ó rí háíháí, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi sí àti ọjọ́ tí wọ́n fi sí i. Ẹ má kúrò ní ilé ìwòsàn láìgbà á. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tàbí àbúrò kan lórí fóònù, kí ẹ sì fi ojúlówó rẹ̀ sínú àpò ìwé ilé àti ìwé ìbí. Dókítà lè lọ sí ìlú mìíràn, fáìlì lè sọnù. Bí ọmú bá wú ní ọdún kẹsàn-án, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun máa bi yín ni irú èyí tó wà lára yín.